Iná Iwájú Mọ́tò Bàbá Mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí mọ́tò tó dé Ìwárẹ, bàbá mi rọra tẹ bíréèkì, ó yọ orí síta, ó sì bi òpó iná kan léèrè bóyá Ìbàdàn ló ń lọ. Òpó kò fèsì. Bàbá mi bú u pé àwọn èrò ayé ìsinsìnyí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá àgbàlagbà lóhùn, ó ki mọ́tò sí jíà, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ́sàn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní àwọn fi ìborùn di ẹnu títí àwọn fi dé Mónìyà kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu àwọn. Ẹni tó sọ ọ́ fún ìyá mi ń nu omijé bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní àwọn ọlọ́sàn ti ń ronú àtimáa wọ mọ́tò ẹlòmíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Bàbá mi ti ń wa mọ́tò láti Fìdítì sí Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi, àwọn ọlọ́sàn ló sì ń gbé. Ìdájí ni wọ́n máa ń gbéra, kí wọ́n lè tètè dé ọjà kí àwọn tó ń rà á tún tà tó pín káàkiri. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ti ń ṣí, wọ́n sì kọ Ẹ FARA BALẸ̀ sí i níwájú orí, ìmọ̀ràn tí òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé rí. Bàbá mi kò joyè, kò ní ilẹ̀ tó pọ̀, kò sì lọ sílé ìwé. Sítíárìn ló ní. Bí ẹ bá bá a jókòó, ohun tí yóò sọ fún yín kò ju bí òun ṣe gba kọ́ọ̀nà kan lọ́jọ́ òjò lọ, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ títí ọbẹ̀ yóò fi tutù níwájú yín. Bí wọ́n bá gba sítíárìn lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, n kò mọ ohun tí yóò kù lára rẹ̀ tí a ó máa kí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni. Ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń funfun, bí ìgbà tí wọ́n ta omi ẹ̀kọ sí i. Nínú ilé, ó ti pe ewúrẹ́ wa ní ajá, ó sì ti bá aṣọ tí mo sá sórí okùn wí pé kó wọlé, òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Lọ́dọ̀ wa, ẹ kò lè wo àgbàlagbà lójú kí ẹ sọ fún un pé ojú náà ti lọ. Ẹ ó wá nǹkan mìíràn dá lẹ́bi. Àwọn ọlọ́sàn wò yíká, wọ́n rí iná iwájú mọ́tò, wọ́n sì dì í mú. Wọ́n ní iná bàbá ti ń rẹ̀, wọ́n ní ó ń jó bàìbàì. Iná kò lẹ́nu, kò sì ní ìbátan tí yóò bá wọn jà.

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gba ọ̀rọ̀ náà. Bí bàbá mi bá fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò gbún ògiri, iná ni. Bó bá kọjá lára ẹni tó na ọwọ́ sí i, iná náà ni. Ó gun agbọ̀n ọsàn mọ́lẹ̀ nínú gáréèjì ní ọ̀sán gangan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa ọsàn náà sì mi orí, ó ní ó yẹ kí bàbá wá nǹkan ṣe sí iná mọ́tò yẹn. Ọ̀sán gangan o. Oòrùn wà lókè, ó ń wò wá.

Alága gáréèjì ló wá fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà. Ó kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní mọ́tò. Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé títí kan àwọn adìyẹ. Ó wá ní ẹgbẹ́ ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kí bàbá jọ̀wọ́ tún iná mọ́tò wọn ṣe kí ọsàn tuntun tó dé. Bí kò bá wá ṣeé ṣe, àwọn á jẹ́ kí mọ́tò náà sinmi. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ pé kí mọ́tò sinmi. Èmi tí mo ń ṣa ẹ̀wà nítòsí wọn gbọ́ ohun tó wá sọ, ìyá mi náà sì gbọ́ ọ. Bàbá mi nìkan ni kò gbọ́ ju iná lọ. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, pé òun ti ń fura sí àwọn gílóòbù yẹn tipẹ́.

Ó yẹ kó gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní gáréèjì. Bàbá mi ní òun kò lọ. Ó ní rìwáyà yẹn kò ní tíì tú súkúrù kan tí gbogbo Fìdítì títí dé Ìlọràá yóò ti máa fi òun ṣe ìtàn. Ilé lòun ó ti ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ ara òun, kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wá dúró kí ó wò ó. Nígbà tó já àwọn ọlọ́sàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọ̀la ọjọ́ náà, ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo gílóòbù ayé. Hálójínì ni wọ́n tà fún un. Lóde òní, àwọn ọmọ mi ń yọ hálójínì jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń fi LED sí i. Wọ́n á wo fídíò lórí fóònù, wọ́n á sì ṣe é tán nílé kí n tó fi omi sí gaàrí. Nígbà náà, gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń jó bí àtùpà la mọ̀, hálójínì sì jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ń yangàn.

Méjì ni wọ́n, nínú páálí kékeré kan. Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ sára páálí náà, wọ́n sì fa ìlà pupa kọjá lórí ọwọ́ ọ̀hún. Nítorí pé tíṣà ni mí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọràá, èmi ni wọ́n pè kí n wá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á. Mo ní wọ́n ní kí a má fi ọwọ́ kan gíláàsì gílóòbù náà rárá. Ó máa ń gbóná kọjá sísọ, ibi tí òróró bá sì wà lára rẹ̀, kódà òróró ara ìka lásán, yóò gbóná ju ibi yòókù lọ, yóò sì fọ́. Bàbá mi ní ṣé adé ọba ni, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án? Ó ní àwọn òyìnbó kàn fẹ́ kí a máa gbọ̀n níwájú ohun tó ti di tiwa. Ìyá mi ní kí n tún un kà, bóyá n kò rí i dáadáa. Mo tún un kà, ó sì rí bákan náà. Àwọn méjèèjì mi orí. Mo rò pé ó ti yé wọn. Kò sí tíṣà tí irú orí mímì bẹ́ẹ̀ kò tíì tàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá mi ń bọ Ògún, bí bàbá tirẹ̀ ṣe bọ ọ́. Kò sí irin tuntun tí yóò wọ inú mọ́tò rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi epo pupa pa, ì báà jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ìyá mi sì ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, ìjọ aláṣọ funfun. Kò sí ohun tuntun tí yóò wọ ilé tí òun náà kò ní fi òróró àdúrà pa lórí, láti orí ìkòkò títí dé orí ọmọ jòjòló. Wọn kì í jà sí i. Nígbà tí bàbá mi ra táyà, ó fi epo pupa pa á kó tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi fi òróró tirẹ̀ pa á. Táyà náà ń dán yinrin, ó sì pẹ́. Bàbá mi ní Ògún ni, ìyá mi ní Jésù ni, wọ́n sì jọ jẹun láti inú abọ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò sì rò pé mọ́tò kan wà láàrin Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tó mu òróró tó tiwa.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi mú. Ó gbé bọ́ọ̀sì wá sí iwájú ilé, ó kọ orí rẹ̀ sí ògiri ọgbà aládùúgbò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun. Ó jókòó sórí àpótí, mo dúró tì í. Kí n sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà wù mí í wò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo súkúrù mọ́tò yẹn. Ó tú férémù iná, ó fa wáyà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó yọ gílóòbù àtijọ́ síta, kò sì fi ojú wá ohunkóhun. Ìka rẹ̀ ló ń lọ síbi tó yẹ. Mo gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé a ní ìṣòro kankan nílé. Ó wá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí n bu omi wá. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ọ̀kan ti wọlé, bàbá mi sì ń nu àtàǹpàkò mọ́ ṣòkòtò. Ó pupa.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fi pa gílóòbù yẹn?"

"Díẹ̀ báyìí ni," ó dáhùn. "Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé irin kọ́ ni?"

Mo ní irin ni ìdí, ṣùgbọ́n gíláàsì ni orí. Ó ní òun kò lè fi epo pa ìdí nǹkan, kí òun wá fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kó máa wo òun. Mo ṣí ẹnu láti tún àlàyé páálí ṣe, ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun. Ó fi ìkejì sí i, ó dìde, ó wọlé sídìí sítíárìn, ó tan iná. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára. Ìmọ́lẹ̀ náà funfun gbòò, ó hàn lára ògiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà níta. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọrin lábẹ́ ètè. Kò tíì kọrin náà dé ibì kankan tí gílóòbù apá òsì fi dún pàù, tí àwọn adìyẹ sì fọ́n ká. Nígbà tí mo tẹ̀ wò ó, àfọ́kù gíláàsì ló wà nínú àwo iná, pẹ̀lú òórùn epo tó jóná.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná. Ó kàn dúró, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo gílóòbù apá ọ̀tún tó ṣì ń tàn geere, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ìjọ rẹ̀ borí nínú eré sísá. Mo wò ó dáadáa. Mo bi í pé kí ló ṣe sí gílóòbù yẹn. Ó ní nígbà tí òun ń gbàdúrà àárọ̀, òun kàn fi òróró kan ọ̀kan lórí. Ọ̀kan péré ni, òun fi ìkejì sílẹ̀ fún bàbá mi, kó má baà dà bí ẹni pé òun fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá mi láti inú mọ́tò ní òun gbóòórùn rẹ̀, ìdí nìyí tí òun kò fi fọwọ́ kan tirẹ̀. Ẹ wo irú ìfẹ́ yìí. Wọ́n pín gílóòbù méjì láàrin Ògún àti Jésù láìsọ ọ̀rọ̀ kan sí ara wọn, èmi tí mo ka páálí lẹ́ẹ̀mejì sì wà láàrin wọn bí aṣiwèrè.

Gílóòbù Aládùúrà gbé ìyá mi ga títí di Mọ́ńdé. Ní ìdájí ọjọ́ náà, bàbá mi gbé àwọn ọlọ́sàn, ó mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n pẹ̀lú iná kan ṣoṣo. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí òun náà fi fọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí ọ̀mì. Ǹ bá rẹ́rìn-ín sí i títí di òní bí kì í bá ṣe ohun tí àwọn ọlọ́sàn sọ fún wa lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ilẹ̀ ṣú biribiri níwájú mọ́tò, bàbá mi sì ń lọ. Kò dẹ ẹsẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń bá ìtàn kọ́ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ló pariwo mọ́ ọn pé iná ti kú, ó sì bi wọ́n pé iná wo.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ ẹrù wọn, wọ́n jókòó sórí agbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹni tó fi ìborùn di ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ kejì, mọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wá kí bàbá mi, iná ni wọ́n tún sọ. Wọ́n ní tí iná bá ti dára, àwọn á padà.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ó gbìyànjú tirẹ̀. Ó wá jókòó ti bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní ẹnì kan wà tí òun mọ̀, òun kò ní dárúkọ rẹ̀, ojú ẹni náà ti funfun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, wọ́n ṣí awọ funfun náà kúrò, ó sì ń ríran padà. Bàbá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wá ní kí Ọlọ́run bá ẹni náà ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ṣe ẹ̀gúsí tí wọ́n á máa bó, àti pé ní ti òun, iná ló ń yọ òun lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wo mí, mo wo nọ́ọ̀sì. Ó dìde, ó kí wa pé ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì jẹun ọ̀sán.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi kò lọ síbì kan. Yóò jí ní ìdájí bó ṣe máa ń jí, yóò wẹ̀, yóò wọ fìlà, yóò lọ jókòó sídìí sítíárìn níwájú ilé. Bí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́, màá bá a níbẹ̀, màá kúnlẹ̀ kí i láti ojú fèrèsé mọ́tò. Yóò ní ṣé mo ti ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí sítíárìn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi nítorí oríkunkun rẹ̀. Inú gbogbo àwọn tó ń sọ iná, iná, iná ń bí mi pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un. Mo sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ bá onítọ̀hún jà.

Nígbà tó ṣe, ó rán mi lọ sí Ìbàdàn kí n ra méjì mìíràn. Ọsàn tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo rà á, mo gbé e délé, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi, mo sì so kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ ìdí ìró. Ní àsìkò yẹn, n kò fọkàn tán Ògún, n kò sì fọkàn tán Aládùúrà. Mo pe àwọn òbí mi méjèèjì jókòó. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òróró kan nǹkan yìí, ì báà jẹ́ ti òkè, ì báà jẹ́ ti ilẹ̀. Wọ́n bá mi dúnàádúrà bí ẹni pé ọjà la wà. A wá fẹnu kò síbì kan: bàbá mi yóò fi epo pupa pa bọ́ńpà, ìyá mi yóò fi òróró pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, gílóòbù á sì máa lọ láìsí ẹ̀sìn.

Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdé ni mo fi í sí i. Èmi fúnra mi ni. Bàbá mi jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń sọ fún mi súkúrù tí mo fẹ́ tú kí n tó dé ìdí rẹ̀, ó ń sọ pé kí n má fa wáyà yẹn, kí n rọra tì í. Mo fi áńkáṣífù tí mo fọ̀ tí mo sì lọ̀ di gílóòbù mú, mo tì í wọlé, mo gbọ́ bó ṣe kọ́ ara rẹ̀. Mo ṣe ti ìkejì. Bàbá mi na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan férémù náà, ó ní mo ṣe é dáadáa, ó ní ǹ bá jẹ́ rìwáyà. Orí mi wú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Alága gáréèjì ti wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Méjì nínú àwọn ọlọ́sàn náà wá, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Nọ́ọ̀sì wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ìyá mi ń múra àtilọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ súlítánà funfun, ó há bíbélì mọ́ abíyá, ṣùgbọ́n kò lè lọ kó má wò ó. Ó lọ dúró sáàrin iwájú mọ́tò àti ògiri, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá iná méjèèjì dọ́gba.

Bàbá mi wọlé sídìí sítíárìn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó tan iná.

Ẹ̀rù bà mí. N kò rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí ní àdúgbò wa. Ògiri funfun yẹn mọ́ gbòò débi pé a ń rí ọ̀nà èèrà lára rẹ̀. Alága gáréèjì fi apá bo ojú. Àwọn ọlọ́sàn yíjú sẹ́yìn, ewúrẹ́ kan já okùn ó sì sá lọ. Ìyá mi dúró sójú kan náà nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo ojú, òjìji rẹ̀ sì ga kọjá ògiri lọ. Kò sí ohun tó tún hàn tó o ní gbogbo Fìdítì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu sítíárìn, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ṣé mo sọ fún yín àbí n ò sọ fún yín? Iná ni. Gbogbo ibí yìí ti funfun báláú." Ó yọ orí síta láti ojú fèrèsé, ó yíjú sọ́dọ̀ mi, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. "Ìyá yín dà? Lọ pè é wá, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i."

Alága gáréèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ìyá mi ti lọ sí ìsìn. Ó ti dé ẹnu mi, mo tilẹ̀ ti là á.

Ìyá mi ló ṣíwájú mi. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Èmi rèé, bàbá wọn."

Bàbá mi wo ọ̀tún. Ó wo òsì. "Níbo?"

"Iwájú yín. Inú iná ni mo wà."

Bàbá mi kọ ojú síwájú. Ó sún mọ́ sítíárìn títí àyà rẹ̀ fi kan án, ó la ojú sílẹ̀ bó ṣe lè là á tó, ó sì ń wò. Ìyá mi kò kúrò níbẹ̀. Ó sọ ọwọ́ tó fi bo ojú kalẹ̀, ó gbé ojú sókè sí iná náà, bó tilẹ̀ ń ta á, kí bàbá mi lè rí i bó bá ṣeé rí. Mo rí bàbá mi láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ó ní, "Mi ò rí ọ."

Ó wá ibi tí wọ́n ti ń pa iná, ó pa á. Ojú gbogbo wa ṣókùnkùn. A gbọ́ bó ṣe ń yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ. Ìyá mi ti rìn yíká bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, bàbá mi kò sì mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ náà síta láti ojú fèrèsé, síwájú, sí apá ibi tí ohùn ìyá mi ti wá ní ìṣáájú, ó sì di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀, ó ń dúró. Ìyá mi padà sẹ́yìn, ó lọ dúró níbi tí ọwọ́ náà nà sí, ó gbà á.